Ọ́ìlì Àárọ̀ ní Ọ́fíìsì Má-fọwọ́-kàn-án

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, pẹ̀lú oyè mẹ́fà níwájú àti mẹ́rin lẹ́yìn, débi pé wọ́n ní láti fẹ ilẹ̀kùn náà sí i kí oyè tó rí àyè. Ṣùgbọ́n ní ìgboro, Má-fọwọ́-kàn-án ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò sí ẹni tó wọ ọ́fíìsì yẹn tí kò gbọ́ gbólóhùn náà kí ó tó gbọ́ "ẹ káàbọ̀". Bí o bá yà sọ́tùn-ún, "Má fọwọ́ kàn án!" Bí o bá yà sósì, "Má fọwọ́ kàn án!" Bí o bá dúró sójú kan, tí o ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ rere, á ní, "Má tẹjú mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ yẹn. Ojú pàápàá máa ń fọwọ́ kan nǹkan."

Ìbọn ni ohun tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òun ni ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń fún àwọn ọdẹ àgbègbè náà ní ìwé àṣẹ ìbọn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó yẹ ìbọn wò, kí ó lu òǹtẹ̀ síwèé, kí ó dá ìbọn padà fún ẹni tó ni ín. Ó sì ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, a kì í fi ẹ̀tọ́ ẹni du ẹni. Àfi lọ́jọ́ tí ọdẹ àgbàlagbà kan gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì àtijọ́ kan wá, èyí tí bàbá bàbá rẹ̀ lò. Wọ́n fín ẹyẹ àti ewé sára irin rẹ̀ wínníwínní, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ kọ̀wé. Igi ìdí rẹ̀, tí ọdẹ máa ń tì mọ́ èjìká, pọ́n, ó ń dán, iṣan igi náà sì ń ṣàn lára rẹ̀ bí omi odò. Má-fọwọ́-kàn-án wò ó, ó tún un wò. Ó wúkọ́.

"Bàbá, ìbọn yìí ṣì nílò àyẹ̀wò."

Àyẹ̀wò náà ti pé ọdún mẹ́jọ.

Ẹnu tó bá ti tọ́ oyin wò kì í gbàgbé ọ̀nà afárá. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n fín ọnà sí lára ti di mọ́kàndínlógún nínú àpótí onígíláàsì tó gba ògiri ọ́fíìsì já, gbogbo wọn nàró lórí ìdí bí ọmọ ogun. Bí àlejò bá dé, Má-fọwọ́-kàn-án á mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á bẹ̀rẹ̀ àlàyé. "Èyí, òkè òkun ni mo ti mú un wá. Ọba kan ló fi pa erin. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọba kan náà ló ni ín." Ní ọjọ́ kan, àlejò kan béèrè ohun tí ọba fi ti kejì ṣe. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Òun ló gbé dání nígbà tó ń sá fún erin kejì."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán o. Ó ṣì ku Ìkẹ́ Àárọ̀.

Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ lójoojúmọ́, Akọ̀wé, tí ó jẹ́ igbákejì ọ̀gá, á lu agogo. Gbogbo òṣìṣẹ́ á fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn á tò wọlé, ìgò ọ́ìlì kékeré ẹlẹ́nu gígùn lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ẹnìkọ̀ọ̀kan á dojú kọ ìbọn kan, á tẹrí ba, á kán ọ́ìlì sí ibi tí irin ti pàdé igi, á sì wí ọ̀rọ̀ ìyìn kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì wí rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fọwọ́ sí ìwé ńlá kan, kí a lè mọ ẹni tó kẹ́ ìbọn àti bí ó ṣe kẹ́ ẹ tó. Ìwé yìí ni wọ́n fi ń ṣe ìgbéga. Obìnrin kan tó ń tẹ̀wé da ìdajì ìgò lẹ́ẹ̀kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì ti di ọ̀gá ẹ̀ka kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn ọdẹ tó wá gba ìwé á jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níta títí ìyìn á fi tán.

Bí ọ́ìlì bá sì ti balẹ̀, ọ̀gá á gun orí àpótí kékeré tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un.

"Ẹ̀yin ọmọ iléeṣẹ́ mi! Ta ló ń mú kí oòrùn là sórí àgbègbè yìí?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ló sọ ọ́."

"Mo ti kọ ọ́ láti àná, sà."

Báyìí ni ayé ṣe dùn títí lẹ́tà fi dé láti olú iléeṣẹ́, pé Ọ̀gá Àgbà gbogbo ẹ̀ka ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó sì ń wá ẹni tí yóò fi ṣe igbákejì ara rẹ̀. Má-fọwọ́-kàn-án ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó pinnu pé òun á fi ìbọn òun hàn án, òun á sì gbé ìwé ẹ̀rí kan kọ́ sára ògiri, pé igi ìdí ìbọn wọ̀nyí yóò pé ẹgbẹ̀rún ọdún láì yẹ̀. Ó kù kí ẹni tó mọ igi fọwọ́ sí i.

Ẹni kan ṣoṣo ló ń gbẹ́ ìdí ìbọn ní gbogbo àgbègbè náà, ọkọ ẹ̀gbọ́n Má-fọwọ́-kàn-án sì ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló gbé ọ̀gá yìí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé fún ọdún mẹ́fà, nígbà tí ọ̀gá kò tíì ju ọmọ tí imú ń yọ lọ. Wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi lórí. Ó ní kí wọ́n ṣí gíláàsì. Ó gbé ìbọn kan, ó gbóòórùn ọrùn igi náà, ó sì fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Èékánná wọlé.

"Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń da ọ́ìlì sí ìbọn wọ̀nyí?"

"Gbogbo wa ni!" Akọ̀wé dáhùn, ó yọ àyà síta. "Láràárọ̀! Èmi nìkan, ìgò méjì lóṣù!"

"Ẹ ti pa wọ́n nìyẹn."

Àyà Akọ̀wé padà wọlé.

"Irin ló ń fẹ́ ọ́ìlì," Gbẹ́nàgbẹ́nà ní. "Igi kò fẹ́ ẹ. Ẹ gbé wọn nàró lórí ìdí, gbogbo ohun tí ẹ ń dà sí irin ló ń ṣàn wá sí ọrùn igi níbí, ibi tó tín-ín-rín tí ọdẹ máa ń dì mú. Igi ti mu ún yó, ó ti rọ̀ bí ọṣẹ. Ẹni tó bá yin ìbọn náà, ọrùn igi á kán."

"Kí ni ká wá ṣe?" Akọ̀wé béèrè.

"Ẹ má dà á mọ́. Ẹ dorí gbogbo wọn kodò, kí ẹnu kọjú sílẹ̀, kí ìdí wà lókè. Ẹ fi ẹfun lúbúlúbú bo ọrùn wọn, á máa fa ọ́ìlì náà mu díẹ̀díẹ̀. Bí oṣù mẹ́fà, a lè rí èyí tó bá yè."

Má-fọwọ́-kàn-án dìde. Ó gun àpótí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn mẹ́ta péré ló wà nínú yàrá.

"Kodò? Kí n dorí ọlá mi kodò? Kí àlejò wá láti òkè, kó bá ìdí lójú, kó bá ẹnu nílẹ̀? Ṣé ìbọn mi ń ṣọ̀fọ̀ ni, bí ìbọn sójà níbi ìsìnkú?"

"Ó kù díẹ̀ kó máa ṣọ̀fọ̀," Gbẹ́nàgbẹ́nà ní.

"Fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí yìí."

"Mi ò lè fọwọ́ sí i. Irọ́ ni."

"Ìwọ!" ọ̀gá kígbe. "Ìwọ káfíńtà yìí!"

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ó pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ". Akọ̀wé pàápàá, ẹni tí kò mọ ojú tì, bojú wolẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé ìbọn náà padà sí àyè rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kí wọn, ó sì lọ.

Kí ó tó délé, ọlọ́pàá kan ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n irin ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àgádágodo tó tó orí ọmọdé ń bẹ lára rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn, pé wọ́n ti ibẹ̀ pa nítorí ìwà àfojúdi sí igi ìjọba, àti pé ẹni tó bá gun ògiri tàbí òrùlé rẹ̀ yóò fi ẹ̀wọ̀n jura. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò ọ̀gá fúnra rẹ̀.

Ohun tó ba Gbẹ́nàgbẹ́nà lẹ́rù jù kì í ṣe iṣẹ́ tó kù sílẹ̀. Lórí àjà ṣọ́ọ̀bù yẹn ni pákó tó ń lò fún ìdí ìbọn wà, tí ó ti ń gbẹ láti ọdún méjìlá. Ìdajì òrùlé rẹ̀ kò ní páànù, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ sí igi. Bí òjò bá ṣú, ó máa ń fa tapólì bò ó láti inú. Nísinsìnyí, tapólì wà ní kíká, òun sì wà níta, ìgbà òjò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kò jókòó káwọ́ gbera. Ó so gèlè rẹ̀ le, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Má-fọwọ́-kàn-án bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, "nínú ìtàn ìṣàkóso àgbègbè yìí, kò tíì sí aṣáájú kan tí ó..."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi nìkan ni mo wà níbí."

"...tí ó fi ara rẹ̀ jìn fún..."

"Gbẹ́nu dákẹ́, jàre. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wọ́lẹ̀. Òjò ń bọ̀. Bí omi bá kan igi ọkọ mi, ó di igi ìdáná. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Kí ó fọwọ́ sí ìwé, ilẹ̀kùn á ṣí."

"Ó ní irọ́ ni."

"Irọ́ tí mo bá ti lu òǹtẹ̀ sí, ó ti kúrò ní irọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó láti òkè délẹ̀. "Bàbá wa kò mọ̀wé," ó ní, "ṣùgbọ́n kò gọ̀ tó báyìí." Ó sì jáde.

Nígbà tó délé, ó bá ọkọ rẹ̀ níwájú ilé. "Bàbá wọn, ṣé kò ní dáa kí ẹ kàn fọwọ́ sí nǹkan yìí? Ta ló máa ń ka ìwé ara ògiri?"

"Ká ní àga ni," ọkọ rẹ̀ ní. "Àga kán, ẹni tó jókòó ṣubú, a rẹ́rìn-ín. Bí ìbọn bá kán mọ́ ọdẹ lójú, ta la fẹ́ bá rẹ́rìn-ín?"

Kò tún bá a sọ ọ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, àwọn méjèèjì a máa wo ojú ọ̀run bí ẹni ń retí ẹni tí wọ́n kò fẹ́ kó wá.

Ní ọ́fíìsì, wọn kò wá onígi mọ́. Wọ́n fi Akọ̀wé joyè Ọ̀jọ̀gbọ́n Igi ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí náà, ó sì fi ẹgbẹ̀rún ọdún kan kún ẹgbẹ̀rún kan tó wà níbẹ̀, kí ìmoore rẹ̀ lè hàn.

Ọjọ́ pé. Ní àárọ̀ yẹn, ìlọ́po mẹ́ta ọ́ìlì ni wọ́n dà. Obìnrin ni Ọ̀gá Àgbà náà, ó wọ aṣọ funfun, kò sì ní ariwo lẹ́nu. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè nípa rẹ̀ ni pé ọmọ ọdẹ ni. Wọ́n fi í jókòó, Má-fọwọ́-kàn-án sì gun orí àpótí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ olójú ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Nígbà tó dé ojú ìwé kẹtàlá, òjò bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ta tó-tó-tó lórí páànù, ó wá di ọ̀wààrà. Má-fọwọ́-kàn-án gbé ohùn sókè jù ú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo mọ̀ pé pákó orí àjà lẹ̀ ń rò. Òun kò rò ó. Ó ṣí ojú ìwé kẹrìnlá.

"Ó tó, ẹ ṣeun," Ọ̀gá Àgbà ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀kan wò."

"Má fọwọ́—" ọ̀gá gbé e mì. "Ẹ gbé e, mà."

Obìnrin náà mú ìbọn àkọ́kọ́, èyí tó ní ẹyẹ àti ewé lára. Ó wo ọnà rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé e sí èjìká bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbé. Kò tilẹ̀ ró. Ọrùn igi náà já jẹ́jẹ́, bí ọṣẹ tó ti pẹ́ lómi. Irin ṣubú lé ẹsẹ̀ Má-fọwọ́-kàn-án, ìdí dúró sọ́wọ́ àlejò, ọ́ìlì dúdú sì ṣàn gba apá aṣọ funfun rẹ̀ dé ìgúnwọ́.

"Ìyẹn nìkan ni, mà!" Akọ̀wé fò síwájú. "Èmi Ọ̀jọ̀gbọ́n Igi ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Ẹ wo èyí!" Ó gbé èkejì, ó gbọ̀n ọ́n kí wọ́n lè rí i bó ṣe le. Orí lọ sọ́tùn-ún, ìdí lọ sósì.

Gbogbo òṣìṣẹ́ bá rí i pé ọjọ́ ìgbéga ti dé. Wọ́n dìde gìrì, kálukú fẹ́ fi ìbọn tó ń kẹ́ hàn pé kò kán. Káú! Ṣọ́ọ́! Gìdì! Obìnrin tó ń tẹ̀wé tẹ́lẹ̀ fi tirẹ̀ na ilẹ̀, ó dá sí mẹ́ta. Ọ̀gá ń fi ẹsẹ̀ kan tọ káàkiri láàárín wọn, ó ń ké, "Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Láti ọdún mẹ́jọ tó ti ń sọ ọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ó ní ìdí láti sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Nígbà tí eruku balẹ̀, ìbọn kan kò kù lódindi.

"Ta ló da ọ́ìlì sí igi?" Ọ̀gá Àgbà béèrè.

Kò sí ẹni tó dà á. Ẹnìkan kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ ọ́ìlì. Ọ̀gá Àgbà na ọwọ́ sí ìwé ńlá orí tábìlì, ṣùgbọ́n Akọ̀wé ti yára jù ú lọ. Ó ti ya ojú ìwé orúkọ tirẹ̀, ó sì ti ń jẹ ẹ́. Ojú ìwé náà sì pọ̀, nítorí òṣìṣẹ́ takuntakun ni.

"Ìbọn ta nìwọ̀nyí?"

"Ti òkè òkun ni, mà. Ọba kan ló..."

Ohùn kan ti ọ̀ọ̀dẹ̀ wọlé. Ọdẹ àgbàlagbà náà ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́. "Ẹ dákun, tèmi ni àkọ́kọ́ yẹn. Mo wá wò ó bóyá àyẹ̀wò ti parí."

Lẹ́yìn rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, àwọn ọdẹ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀gá Àgbà gbọ́ tẹnu wọn. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó sì sọ̀rọ̀ kúkúrú, nítorí kò gbé ìwé dání. Má-fọwọ́-kàn-án ti kúrò lórí àga láti ìṣẹ́jú yẹn. Kí ó dá ìbọn mọ́kàndínlógún padà fún àwọn tó ni wọ́n, lódindi, pẹ̀lú ìdí tuntun. Ọjọ́ tí ìkọkàndínlógún bá dé ọwọ́ olóhun ni wọ́n tó máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Títí di ìgbà náà, kò sí ọ́fíìsì, kò sí oyè.

"Ta ló ń ṣe ìdí ìbọn níbí?"

Ọdẹ àgbàlagbà náà dáhùn, ó nawọ́ sí Má-fọwọ́-kàn-án. "Ẹnìkan ṣoṣo ni, mà. Ọkùnrin yìí ló ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa."

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Má-fọwọ́-kàn-án ki ọwọ́ bọ àpò. Ó wo òjò lójú fèrèsé. Nígbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́sí. Ó fi ẹsẹ̀ tó wú sáré.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti Gbẹ́nàgbẹ́nà níwájú ṣọ́ọ̀bù, omi ń ṣàn lórí wọn. Wọn kò kí i. Ọ́ìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yọ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí àgádágodo tó ṣí. Gbẹ́nàgbẹ́nà gun àkàbà, ó fa tapólì, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí na pákó sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ń gbà á. Ọ̀gá àná ń gbé e wọ ìyàrá, omi ń kán sí i lọ́rùn.

Òjò dá. Gbẹ́nàgbẹ́nà to pákó náà sílẹ̀, ó fi ìka ọwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Èyí tó gbẹ ń dún kọ́ń-kọ́ń. Èyí tó ti mu omi ń dún bí ìrọ̀rí. Ó pín wọn sí ọ̀nà méjì, ó sì gbé ọwọ́ lé èyí tó gbẹ.

"Eléyìí tó ìdí méjìlá," ó ní. "Mo máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti bàbá tó ti ń dúró jù lọ."

"Mọ́kàndínlógún ni wọ́n, Ẹ̀gbọ́n," Má-fọwọ́-kàn-án ní. Ó pè é ní Ẹ̀gbọ́n. "Méje ń kọ́? Ṣé a kò lè sá àwọn tó kù yìí sóòrùn?"

"Bí a bá fi oòrùn lé e, á sán, á lanu. Wọ́n ti bàjẹ́. Mo máa ní láti la igi tuntun, kí n tò ó sórí àjà."

"Ìgbà wo ló máa gbẹ?"

"Ìgbà tí àwọn wọ̀nyí gbẹ náà ni. Ọdún méjìlá."

Má-fọwọ́-kàn-án bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ọwọ́ ka ọdún, ìka tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wọlé, ó gbé àpótí ìjókòó kan jáde, ó fi ìgbátí aṣọ rẹ̀ nu omi orí rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Jókòó," ó ní. "A kì í nàró dúró de ọdún méjìlá."